Ẹja Tó Kọjú sí Òkun

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Tabitha.

Ilé wọn ló kángun sí tèmi. Orí òpó igi ni ilé méjèèjì wà, pákó kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá húkọ́ lọ́hùn-ún, mò ń gbọ́. Moríkẹ́ ni ìyá rẹ̀, ẹja yíyan sì ni iṣẹ́ Moríkẹ́. Pius ni bàbá rẹ̀. Òkun ni Pius lọ nígbà tí ọmọ yìí wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. A rí ọkọ̀ rẹ̀. A kò rí òun.

Ọdún 2002 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ epo kan ló fẹ́ la ojú omi láti òkun wọ inú odò wa, kí ọkọ̀ ńlá wọn lè rí ibi gbà. Ẹni tó bá gbé ẹ̀bá wa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Iyọ̀ á wọlé. Omi tí à ń mu á bàjẹ́, ẹja odò á kú. Àwọn obìnrin ní àwọn kò gbà. Wọ́n jókòó sí èbúté fún ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ̀ kankan kò gúnlẹ̀. Ìyá Jọọlá ni olórí wọn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré bí ohùn ọmọ ológbò, nítorí náà Moríkẹ́ ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n lọ bá àwọn ìjọba ní Igbókọ̀dá, Moríkẹ́ ló dìde. Nígbà tí àwọn ará epo wá pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fẹ́ kí a tẹ̀ka sí, Moríkẹ́ ló ní kí wọ́n fi ìwé náà yan ẹja.

Yàtọ̀ sí Tabitha, kò sí ohun tí Moríkẹ́ ní láyé tó tó ipò agbẹnusọ yẹn. Opó ni. Kò kàwé. Ṣùgbọ́n tó bá ń bọ̀ lójú pákó, àwọn obìnrin á sún fún un.

Ní ọdún kan náà ni tísà kan dé sí ilé-ìwé girama wa. Sùrájù ni orúkọ rẹ̀, ará Ìwó. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó sì ń bẹ̀rù omi. Bó bá wọ ọkọ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú, á jókòó bí ẹni tó jókòó lé ẹyin. Ìwé ìtàn ni ó ń kọ́ wọn. N kò fọkàn tán an. Kí ni ọkùnrin fi ilẹ̀ gbígbẹ sílẹ̀ wá ṣe nínú ẹrẹ̀? Ó tún ń béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ jù. Ta ló ni ilé yìí? Ọdún wo ni òkun gbé ọjà yẹn lọ? Irú ẹni bẹ́ẹ̀, à máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ ẹni tó rán an.

Òun ló fún àwọn ọmọ kíláàsì ìkẹyìn ní iṣẹ́, Tabitha wà lára wọn. Ó ní kí olúkúlùkù mú ìtàn kan, kí ó fi hàn nínú àròkọ bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe ń fa ọkàn ẹni tó ń kà á lọ síbi tó fẹ́. Ó ní orúkọ kan tó ń pè é. Tabitha wá sọ orúkọ náà fún mi.

"Pọ̀pàgáńdà, Bàbá."

"Kí nìyẹn?"

"Kí ènìyàn máa fi ọ̀rọ̀ darí yín láìjẹ́ kí ẹ mọ̀ pé wọ́n ń darí yín."

"Ìyẹn náà lẹ fi odidi ọdún kọ́? Ìyàwó mi àkọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe, kò sì dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé rí."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú.

Ìwé tó mú ni èyí tí àwọn ará epo pín ká gbogbo ilé-ìwé láti Mahintedo dé Etikan. Ọ̀fẹ́ ni. Ewé rẹ̀ ń dán. *Ilẹ̀ Mọ́ ní Etíkun* ni wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀, wọn kò kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Èmi ka ìwé dé Sítáńdáàdì Kẹta, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kò ní bàbá, ọmọ àlè ni.

Tísà ní àròkọ tó bá dára jù ni wọn yóò kà sókè ní ọjọ́ Ẹtì tí àwọn òbí ń pé jọ. Ọmọ náà fẹ́ kí ó jẹ́ tirẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo rí i ní ojú rẹ̀.

Ọ̀sán ni ó máa ń wá. Èmi á máa tún àwọ̀n ṣe, òun á máa kà á sí mi létí. Ó ní òun fẹ́ ẹni tí kì í tètè mi orí.

Ìtàn náà lọ báyìí. Abúlé kan wà létí òkun, ebi ń pa wọ́n. Apẹja kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ọlábọ̀dé, ó gbọ́n, ó máa ń wọ aṣọ funfun. Ọ̀mùtí kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Òkìkí. Opó kan náà wà níbẹ̀. Àwọn ará epo dé, wọ́n la odò, ohun gbogbo sì dùn.

Lọ́jọ́ kìíní, ó kà á dé ojú ewé kẹrin, ó dúró.

"Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ? 'Gbogbo wa fẹ́ ẹ. Gbogbo wa ti ṣetán.' Ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún ni wọ́n ti sọ 'gbogbo wa', a kò sì tíì rí ìpàdé kankan nínú ìtàn náà."

"Ẹni tó bá ń sọ 'gbogbo wa' kì í béèrè lọ́wọ́ mi," ni mo wí.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. N kò rò pé ó yẹ ní kíkọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n wo Òkìkí. Nínú gbogbo ìwé náà, ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí omi mímu. Òkìkí ni. Ó sì ti mutí kó tó béèrè, ó sì jí adìyẹ lẹ́yìn tó béèrè tán.

"Wọ́n fi ìbéèrè sí ẹnu olè," ni Tabitha wí. "Kí ẹni tó bá tún fẹ́ béèrè lè máa tijú."

Èyí wọ̀ mí lára. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é fún ènìyàn gidi.

Lọ́jọ́ kẹta, mo rí tèmi. Ọlábọ̀dé wọ aṣọ funfun lọ sí òkun, ó sì wọ aṣọ funfun bọ̀.

"Ọkùnrin yẹn kò lọ sí òkun," ni mo wí. "Ṣọ́ọ̀ṣì ló lọ."

"Bàbá!"

"Ó tún sá àwọ̀n sóòrùn, bẹ́ẹ̀ o ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á pé òjò ń rọ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé yìí kò mọ nǹkan kan."

Kò gbà. "Bàbá, àìmọ̀kan kì í ṣe ẹ̀tàn. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan kò lè tàn yín. Ẹ rí i fúnra yín, ẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ̀ ni kí a bẹ̀rù."

Inú mi kò dùn pé ọmọdé ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo fi í pamọ́.

Ọjọ́ kẹrin ni nǹkan yí. Ó ń ka ti opó náà. Ebi ń pa á, ilé rẹ̀ ń jò. Tabitha ṣí ewé, ojú rẹ̀ sáré gba orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí òmíràn, ó ń kà lọ. Opó náà ti wà lábẹ́ páànù tuntun, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ti rí bí ènìyàn ṣe ń fo pákó tó ti jẹrà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fo ojú ewé náà.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ni mo bi í.

"Níbo, Bàbá?"

"Níbi tí o fò."

"Kò sí nǹkan. Àwòrán ni."

Abẹ́ apẹ̀rẹ̀ àwọ̀n mi ni ìwé náà máa ń sùn, nítorí èéfín pọ̀ ní ilé wọn. Lọ́jọ́ yẹn, ó tì í bọ inú aṣọ rẹ̀, ó gbé e lọ ilé.

Tísà ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo ní òun ló ní kí ọmọ náà máa fi nǹkan pamọ́ fún mi. Àmọ́ ìwé ọ̀fẹ́ kì í ṣọ̀wọ́n. Láídì ìyàwó Gàfárù, tó ń din àkàrà ní èbúté, ló ń fi ewé rẹ̀ wé àkàrà. Mo lọ bá a.

"Láídì, fún mi ní àkàrà mẹ́rin. Kí o sì fún mi ní odidi ìwé tí o fi ń wé e."

"Háà, Bàbá Olówòkéré! Ẹ ti wọ ilé-ìwé?"

"Àkàrà rẹ ló fẹ́ kàwé. Èmi kàn ń bá a gbé e ni."

Gbogbo èbúté rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín. Mo gbé e délé, mo fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n tó kà á tán, àkàrà ti tutù.

Ojú ewé kejìlá ni. Wọ́n kọ ọ́ báyìí:

*Opó náà to ẹja sórí àtẹ. Gbogbo wọn kọ orí sí ilẹ̀. Ẹyọ kan ló yí orí rẹ̀ sí òkun. Ó ní, 'Ti ọkọ mi nìyí. Àlejò tó bá kọ́kọ́ kọjá ni yóò jẹ ẹ́, nítorí n kò mọ ẹni tó ń fún ọkọ mi lóúnjẹ níbi tó wà.' Lọ́jọ́ náà, òṣìṣẹ́ epo ló kọ́kọ́ kọjá. Ó fún un ní ẹja náà. Ó ní, 'Ẹ la odò náà. Ọ̀nà tí ẹ bá là ni ọkọ mi yóò gbà wálé.'*

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja pọ̀ ní etí òkun yìí. Mo mọ̀ wọ́n láti Ayétòrò wá. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń yí ẹja kan sí òkun. Ọdún méjìlá ni mo ti ń wò ó láti ojú fèrèsé mi. Mo tiẹ̀ ti bẹ̀bẹ̀ fún ẹja náà rí. Ó ní èmi kì í ṣe àlejò.

Inú mi bàjẹ́. Moríkẹ́ tó ní kí wọ́n fi ìwé yan ẹja, òun náà ló wà nínú ìwé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tó wà nílé rẹ̀. Fìtílà tuntun kan wà tó so kọ́ ẹnu ọ̀nà. Ta ló fún un? Ìró tó wọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi ńkọ́? Bó bá kí mi, mo ń dáhùn ní ṣókí.

"Bàbá Olówòkéré, ṣé ẹ̀yìn ló ń dùn yín?"

"Rárá."

"Láídì ní ẹ jẹ àkàrà mẹ́rin. Bóyá òun ni."

Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Tabitha kọ àròkọ rẹ̀, ó fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, tísà fúnra rẹ̀ gbé e padà wá. Ọkọ̀ ló gbé e wá, ó di etí ọkọ̀ náà mú lọ́tùn-ún lósì, ìwé wà láàárín eyín rẹ̀. Moríkẹ́ ti lọ ọjà, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ló jókòó sí.

"Tabitha, iṣẹ́ rẹ dára," ni ó wí. "O rí 'gbogbo wa'. O rí ti Òkìkí. O tiẹ̀ ka iye ìgbà tí wọ́n pe 'ìdàgbàsókè'. Ṣùgbọ́n kò ní egungun. O sọ̀rọ̀ lórí gbogbo ojú ewé àfi ìkejìlá. Mo mọ̀ pé irọ́ ni ìwé yìí ń pa látìgbà tí mo ti ṣí i. Síbẹ̀, ojú ewé kejìlá pa mí lẹ́kún. Kí ló dé tó fi pa mí lẹ́kún? Ìyẹn ni kí o sọ fún mi."

Mo ní nínú mi pé ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé kejìlá náà ni òun náà ń wá.

"Tísà," ni mo wí, "ta ló rán yín?"

Ó wò mí. "Ìjọba ni, Bàbá. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rán mi sí Àkúrẹ́."

"Ta lẹ tún ń jíṣẹ́ fún?"

"Ìyá mi. Ó ní kí n má kú sómi."

N kò rí ibi mú un. Ó ní kí Tabitha mú àròkọ náà padà ní ọjọ́rú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ti ẹlòmíràn ni wọn yóò kà. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó di í mú, ó lọ.

Tabitha kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ẹ ti kà á."

"Mo ti kà á."

"Ta lẹ sọ fún?"

"N kò tíì mọ ohun tí màá sọ."

"Bàbá, tí mo bá kọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé Màmá mi ni. Ìyá Jọọlá á gbọ́. Wọ́n á ní òun ló ta wá, wọn ò ní jẹ́ kó la ẹnu mọ́. Tí mi ò bá kọ ọ́, mo ti ṣe bí ìwé yẹn ṣe ṣe nìyẹn. Mo ti yọ ibi tí kò bá mi lára mu."

"Kí ni wọ́n fún ìyá rẹ?"

"Ẹ bi í fúnra yín. Ẹ̀rù ń bà mí láti bi í."

Nígbà tí Moríkẹ́ dé láti ọjà, agbọ̀n ṣì wà lórí rẹ̀, mo na ewé náà sí i. Epo àkàrà wà lára rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Ọmọ rẹ yóò kà á fún ọ."

Tabitha kà á. Ohùn rẹ̀ kò dúró. Moríkẹ́ kò sọ agbọ̀n kalẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ti ẹja, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe sọ ọ́." Nígbà tó gbọ́ ti ọ̀nà tí ọkọ yóò gbà wálé, ó ní kí ó tún un kà. Tabitha tún un kà.

"Èyí kọ́," ni ó wí. "Mi ò sọ èyí." Lẹ́yìn náà ló tó jókòó.

"Kí ni wọ́n fún ọ?" ni mo bi í.

"Wọn ò fún mi ní nǹkan kan."

"Fìtílà ńkọ́?"

"Fìtílà wo? Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi gbé wá láti Ayétòrò? Bàbá Olówòkéré, ẹ ti wá ń ṣọ́ fìtílà mi?"

Mo wo àwọ̀n mi.

Ó wá sọ ọ́. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wá pẹ̀lú rẹ́kọ́dà. Ó ní ìtàn àwọn obìnrin etí omi ni òun ń kó jọ. Òun ló kọ́kọ́ kọjá lọ́jọ́ náà, nítorí náà Moríkẹ́ fún un ní ẹja tó kọjú sí òkun. Ọmọbìnrin náà jókòó nínú èéfín, omi ń jáde lójú rẹ̀, ó jẹ ẹja náà tán, ó fa egungun rẹ̀. Ó wá béèrè Pius. Ó béèrè bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ohun tó fẹ́ràn láti jẹ.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà yẹn," ni Moríkẹ́ wí. "Ọdún mẹ́sàn-án, ẹnì kankan ò béèrè Pius lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin náà, Bàbá. Tí mo bá dárúkọ rẹ̀, ẹ ó ní ojú ọjọ́ fẹ́ yí padà, ẹ ó dìde."

Òótọ́ ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí òkun bá mú, a kì í dárúkọ rẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀. Àánú ni a pè é. Ojú ọjọ́ tí mo máa ń wò, n kò wò ó rí. Àwáwí ni.

"Mo sọ̀rọ̀ títí iná fi kú," ni ó wí. "Mi ò mọ̀ pé ìwé ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Bóyá ọmọ yẹn náà ò mọ̀. Mi ò mọ ẹni tó fi ìparí kún un."

Mo wo Tabitha. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ti fi ìwọ̀ pẹja fún àádọ́ta ọdún.

"Ẹja kì í jẹ irin," ni mo wí. "Tí o bá fi ohun èké sẹ́nu ìwọ̀, á gbọ́ òórùn rẹ̀, á lọ. Ẹran gidi lo máa fi sí i. Ibi tí ẹran gidi bá parí sí ni irin ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó pa tísà rẹ lẹ́kún nìyẹn."

Kò kọ èyí sílẹ̀. Ó kàn ń wò mí.

Moríkẹ́ bi ọmọ rẹ̀ pé, "Tí o bá yọ mí kúrò nínú rẹ̀, ṣé wọ́n á mọ̀?"

"Wọn ò ní mọ̀, Màmá."

"Ìwé náà ńkọ́? Ṣé wọ́n ń kà á?"

"Wọ́n ń kà á títí dé Etikan."

"Kí àwọn ọmọ Etikan wá máa gbà pé èmi ni mo ní kí wọ́n la òkun wọ ilé wa kí Pius lè rí ọ̀nà gbà?" Ó gbé agbọ̀n rẹ̀. "Kọ ọ́. Kọ orúkọ mi sí i. Ìwé tiwọn kò ní orúkọ. Kí tìrẹ ní in."

Kíá ló gbà. N kò fọkàn tán ohun tó bá yá. Mo ní nínú mi pé, ẹni tó bá tètè jẹ́wọ́, àwíjàre ló ń wá. Mo dàgbà tó láti sọ ohun tí mo rò.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo wẹ̀, mo lọ. Ìyá Jọọlá àti àwọn obìnrin wà ní ìjókòó iwájú, Moríkẹ́ wà láàárín wọn. Tísà Sùrájù pe Tabitha. Ó dìde, ó di ìwé rẹ̀ mú bí tísà ṣe ń di ọkọ̀ mú.

Ó ka ti "gbogbo wa". Àwọn ènìyàn ń mi orí. Ó ka ti Òkìkí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó fi ọ̀rọ̀ mi lórí aṣọ funfun sí i, ó ní bàbá àgbà kan ló sọ ọ́. Wọ́n pariwo. Lẹ́yìn náà ó ka ojú ewé kejìlá, gbogbo rẹ̀, ó rọra kà á. Àwọn obìnrin mí kanlẹ̀. Ẹnì kan fi etí gèlè nu ojú.

Tabitha gbé ojú sókè.

"Ẹ rí i? Ọkàn yín ti rọ̀. Ibẹ̀ ni ìwọ̀ wà."

Ẹni tó ń nu ojú fi gèlè rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Opó yìí wà lóòótọ́. Moríkẹ́ ìyá mi ni. Ẹja náà, òótọ́ ni. Ọkọ náà, òótọ́ ni. Pius bàbá mi ni. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nìkan ni kì í ṣe ti ẹnu rẹ̀. Wọ́n fi òótọ́ ṣáájú, kí a lè gbé irọ́ mì tẹ̀lé e. Àwọn ọgbọ́n yòókù inú ìwé yìí, ẹni tó bá ní làákàyè á rí wọn. Èyí nìkan ni èmi ì bá má rí, bí kì í bá ṣe pé ilé wa ni wọ́n ti mú un."

Ó jókòó.

Ìyá Jọọlá dìde. Gbogbo wa na ọrùn kí a lè gbọ́ ọ.

"Moríkẹ́, ìwọ lo sọ ọ́?"

"Èmi ni mo sọ ti ẹja, Ìyá. Mi ò sọ ti odò."

"Wọ́n fún ọ ní nǹkan?"

"Rárá o."

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé o wà nínú ìwé wọn?"

"Ọjọ́ Ajé."

"Òní ni ọjọ́ Ẹtì. Kí ló dé tí o kò wá bá mi?"

Moríkẹ́ tún ìró rẹ̀ so. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ fura sí fìtílà, n kò ronú kan ìyẹn.

Ìyá Jọọlá ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ lò lẹ́ẹ̀kan, a ò ní tún fi ohùn wa sí i lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ni yóò máa sọ̀rọ̀ fún wa ní Igbókọ̀dá. Ìjókòó rẹ wà níbi tó wà. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ jókòó sí i."

Ó fẹ́ jókòó. Ó tún dúró.

"Pius ló kan ọkọ̀ tí àkọ́bí mi ń wọ̀ títí dòní," ni ó wí. "Kò tíì jò."

Lẹ́yìn náà obìnrin kan lẹ́yìn ní Pius kò mọ orin kọ, síbẹ̀ kì í dákẹ́ lójú omi. Ẹnì kan ní kò lè jẹ ata. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Moríkẹ́ bo ojú. N kò mọ̀ bóyá àánú ni tàbí ọgbọ́n Ìyá Jọọlá, láti fi ọwọ́ kan gba nǹkan, kí ó fi èkejì fún un. Mo ṣì ń rò ó. Èmi náà sọ ọ̀kan. Mo ní ó máa ń jí àwọ̀n mi tún ṣe bí n kò bá sí nílé, kò sì ní jẹ́wọ́.

Tísà ní òun yóò fi àròkọ náà ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́. Mo ní kí ó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ dé ilé láì di í mú. Ó gbìyànjú. Ó dé ìdajì.

Lọ́jọ́rọ̀ ọjọ́ náà, Moríkẹ́ dá iná. Láti ojú fèrèsé mi ni mo ti ń wò ó. Ó to ẹja, ó tò ó tán. Gbogbo wọn kọ orí sí ilẹ̀.

Tabitha dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Màmá, ọ̀kan kù."

"Kò kù. Wọ́n ti mú un lọ. Ó ti di ti ìwé."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yí ẹja kan, ó kọjú rẹ̀ sí òkun. Moríkẹ́ wò ó. Kò yí i padà.

Wọ́n dúró de àlejò títí oòrùn fi wọ̀. Kò sí ẹni tó kọjá lórí pákó. Èmi nìkan ni, wọ́n sì ní èmi kì í ṣe àlejò.

Nítorí náà Tabitha ló jẹ ẹ́. Púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, ni ó fi jẹ ẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò ní ata, torí-torí, teegun-teegun.